Àlàfo egungun tó ti kẹ̀: irú iṣẹ́ abẹ wo ló yẹ kí a fi ẹranko dán wò?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹranko (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Mo ń múra àbá ìwádìí oyè mi sílẹ̀ lórí bí a ṣe lè mú egungun tó ti kẹ̀, tí apá kan rẹ̀ sì ti sọnù, padà di odidi. Ehoro ni olùdarí mi ní kí n lò. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ títí di ìsinsìnyí ni pé n ó gé mílímítà 15 kúrò lára rádíọ́ọ̀sì, ìyẹn ọ̀kan nínú egungun méjì tó wà láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́, n ó fi Staphylococcus aureus, bakitéríà tó máa ń mú egungun kẹ̀, sínú àlàfo náà, n ó sì dí i lójú ẹsẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ kan náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wé ara wọn: kí a bu egungun láti ìbàdí ehoro náà fi dí àlàfo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀nà Masquelet tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì, àti ọ̀nà Ilizarov tí a fi ń fa egungun díẹ̀díẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ béèrè. Ṣé ehoro tó fún irú ìwádìí yìí? Ṣé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí n dán wò, àbí ọ̀kan wà nínú wọn tó yẹ kí n yọ kúrò? Báwo ni n ó sì ṣe mọ̀ dájú pé kòkòrò ti tán nínú egungun náà, kì í ṣe pé egungun tuntun kàn hù bo ọyún mọ́lẹ̀?

Oníṣẹ́ Abẹ Egungun (Èkó)

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ ehoro, ohun kan wà nínú àbá rẹ tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. O kọ ohun tí wàá fi dí àlàfo náà, ṣùgbọ́n o kò kọ ohunkóhun nípa ohun tí wàá gé kúrò. Bẹ́ẹ̀, nínú egungun tó kẹ̀, gígé ni ìdajì iṣẹ́, ó tilẹ̀ lè ju ìdajì lọ. Egungun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ ti kú, oògùn tí a gún sínú iṣan kò sì lè dé ibẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kiri. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ara fi ń gbógun ti kòkòrò náà kò lè débẹ̀. Ohun tí a máa ń ṣe lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ni pé a óò máa gé e títí a ó fi rí ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ ní tótòtó lójú egungun, nítorí ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti yọ ni egungun alààyè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró kí ó tó débẹ̀ nítorí kí àlàfo má baà tóbi jù, yóò padà wá ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì.

Orí èyí ni ọ̀nà Masquelet dúró lé. Alain-Charles Masquelet, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1986, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ lára aláìsàn 35 jáde ní 2000. Nínú iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, a óò gé gbogbo ohun tó ti kú kúrò, a óò fi irin mú egungun dúró, a óò sì po sìmẹ́ǹtì egungun, ohun rírọ̀ tó máa ń le bí a bá ti pò ó tán, sínú àlàfo náà. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ara yóò hun awọ kan yí sìmẹ́ǹtì náà ká. Nígbà tí a bá padà wọlé, a óò la awọ náà, a óò yọ sìmẹ́ǹtì, a óò fi egungun rírọ̀ tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́ láti ìbàdí kún inú rẹ̀, a óò sì rán awọ náà padà.

Ohun tó yẹ kí o kíyè sí ni pé ara ènìyàn ni a ti kọ́kọ́ ṣe é kí a tó fi ẹranko wádìí ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Ní 2004 ni Pelissier àti Masquelet pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ehoro ṣe àyẹ̀wò awọ náà, tí wọ́n sì rí i pé kì í ṣe àpò lásán: ó ń tú àwọn èròjà tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ hù àti èyí tó ń mú egungun hù jáde, BMP-2, ọ̀kan nínú àwọn tó ń mú egungun hù, sì dé góńgó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Lẹ́yìn náà ni Viateau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé kan náà lo àgùntàn, wọ́n gé mílímítà 25 kúrò lára egungun tó wà lókè pátákò, wọ́n sì rí i pé awọ náà nìkan kò lè dí àlàfo. Ó dìgbà tí a bá fi egungun sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ehoro wọ̀nyẹn àti àgùntàn wọ̀nyẹn, kò sí èyí tí egungun rẹ̀ kẹ̀ nínú wọn. Ojú egbò tó mọ́ tónítóní ni wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ìwádìí méjèèjì yìí kọ́ wa nípa ìṣe awọ náà, lára ẹranko tí kò ní àìsàn ni wọ́n ti rí i, bẹ́ẹ̀ ìdí pàtàkì tí a fi ń lò ó fún aláìsàn ni egungun tó kẹ̀. Àlàfo ìmọ̀ nìyẹn, ó sì tó ohun tí ọmọ ìwé lè fi gba oyè.

Onímọ̀ Bakitéríà (London)

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa láti Èkó sọ, mo sì fẹ́ tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀, nítorí àṣìṣe tó wà nínú àbá yìí ni mo máa ń rí jù nínú ìwé ìwádìí tí a bá fi ránṣẹ́ sí mi láti yẹ̀ wò. Kí a da bakitéríà sínú àlàfo, kí a sì tọ́jú rẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ kan náà, kì í ṣe ìtọ́jú egungun tó kẹ̀. Ìdènà kíkẹ̀ ni. Nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra gbáà ni.

Ní wákàtí àkọ́kọ́, bakitéríà ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀ àti omi ojú egbò, oògùn sì lè rí i pa. Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ egungun tó kú tàbí irin, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ àlẹ̀mọ́ kan jáde tó bo òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí ni a ń pè ní biofilm. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ sí i kíákíá mọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò sì jẹ́ pé kòkòrò tó ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń pa. Ní 1982, Zimmerli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi guinea pig, ẹranko kékeré kan tó jọ eku, hàn wá bí ohun àjèjì ṣe ń ran bakitéríà lọ́wọ́: bakitéríà 100 péré tó láti mú kí àyíká ohun tí wọ́n rì sábẹ́ awọ ẹranko náà kẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé mílíọ̀nù lọ́nà 100 kò dá ọyún sílẹ̀ níbi tí kò sí ohun àjèjì kankan.

Ó tún kù síbẹ̀. Ní 2017, ẹgbẹ́ olùwádìí kan ní Rochester, ní Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ awo-ńlá (máíkrósíkópù) wo egungun eku kékeré tó ti kẹ̀, wọ́n sì rí Staphylococcus aureus tó ti fún ara rẹ̀ pọ̀ wọ inú àwọn ihò tín-ín-rín tí sẹ́ẹ̀lì egungun fi ń kàn sí ara wọn, ihò tó kéré ju ara bakitéríà náà gan-an lọ. Kò sí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó lè tẹ̀ lé e wọ ibẹ̀. Bí a bá fọ ojú egungun náà títí ilẹ̀ fi mọ́, kòkòrò tó wà nínú ihò yìí ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí gígé tí ẹ̀gbọ́n wa sọ fi ṣe kókó, àti ìdí tí ìwádìí tí kò fún bakitéríà láyè láti wọlé kò fi lè sọ fún wa bóyá gígé náà tó.

Ìwádìí kan wà tó fi bí àkókò ṣe ṣe pàtàkì tó hàn kedere. Penn-Barwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní ilé ìwádìí iṣẹ́ abẹ ti àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Texas, gé mílímítà 6 kúrò lára egungun itan eku, wọ́n fi Staphylococcus aureus sí i, wọ́n sì yí àkókò oògùn àti àkókò iṣẹ́ abẹ padà: wákàtí 2, wákàtí 6, wákàtí 24. Ní 2012 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn eku tó rí oògùn àti iṣẹ́ abẹ gbà ní wákàtí 2 ló ṣe dáadáa jù. Àwọn tí oògùn wọn pẹ́ di wákàtí 6 tàbí 24 kò ṣe dáadáa, bí ó ti wù kí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn tó. Àbúrò wa, tìẹ wá jẹ́ wákàtí òdo. Kò sí aláìsàn kan láyé tó ń wọ ilé ìwòsàn ní wákàtí òdo.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹranko (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Bí mo bá ní kí àìsàn kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ehoro kan náà yóò gba iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀mẹta bí ó bá bọ́ sí ọ̀wọ́ Masquelet: èyí tí a ó fi gé egungun tí a ó sì fi kòkòrò sí i, èyí tí a ó fi fọ̀ ọ́ tí a ó sì fi sìmẹ́ǹtì sí i, àti èyí tí a ó fi egungun dí i. Ó ń dùn mí fún ẹranko náà, n kò sì mọ̀ bóyá ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ẹranko nínú ìwádìí yóò gbà á wọlé. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ó tọ́ kí n dúró kí n tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì?

Olùkọ́ Iṣẹ́ Abẹ Ẹranko

Ìbànújẹ́ tí o ní fún ẹranko náà dára, má jẹ́ kí ó kúrò lọ́kàn rẹ. Russell àti Burch ti là á sílẹ̀ láti 1959 pé kí a fi ohun mìíràn rọ́pò ẹranko níbi tí ó bá ṣeé ṣe, kí a dín iye rẹ̀ kù, kí a sì dín ìrora rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ronú sí ọ̀nà kejì rẹ̀: ehoro tó fara gba iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo nínú ìwádìí tí kò lè dáhùn ìbéèrè tí a tìtorí rẹ̀ gbé e kalẹ̀, ìrora asán ni ó jẹ. Ìgbìmọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gba iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀mẹta wọlé bí o bá kọ ètò ìdẹ̀kùn ìrora rẹ̀ ní kíkún, bí o bá lo ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lára ẹranko kọ̀ọ̀kan, tí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé irú ipò báyìí báyìí, bí ehoro bá dé inú rẹ̀, a ó fi oògùn sùn ún kúrò nínú ìyà. Bí ó bá kọ oúnjẹ, bí ó bá ń rù, bí ọyún bá ń tú jáde tí kò dáwọ́ dúró, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye ọjọ́.

Ní ti iye ọ̀sẹ̀, ìwádìí eku kan tó wá láti Minnesota ní 2007 lè tọ́ ọ sọ́nà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jẹ́ kí àìsàn fìdí múlẹ̀ nínú àlàfo egungun itan eku kí wọ́n tó padà wọlé láti gé e àti láti fọ̀ ọ́. Fún ehoro, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni èmi yóò yàn, n ó sì ya àwòrán X-ray kí n tó wọlé, kí n rí ibi tí egungun ti ń jẹrà.

Nísinsìnyí, sórí ehoro fúnra rẹ̀. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn rádíọ́ọ̀sì rẹ̀ ni pé egungun kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, úlínà, ń gbé ìwúwo ara, nítorí náà o kò nílò irin kankan. Ó rọrùn, kò sì gbówó lórí. Ìṣòro tó wà nínú rẹ̀ ni pé úlínà kan náà lè máa na egungun tuntun wọ inú àlàfo rẹ láti ẹ̀gbẹ́, kí o sì rò pé ìtọ́jú rẹ ló ṣiṣẹ́. Nítorí náà, o gbọ́dọ̀ ní ọ̀wọ́ ehoro kan tí a kò fi nǹkankan dí àlàfo wọn. Egungun ehoro tún máa ń tún ara rẹ̀ kọ́ kíákíá ju ti ènìyàn lọ, ti eku kò sì ní irú òpó ẹ̀jẹ̀ tó tò lẹ́sẹẹsẹ tó wà nínú egungun tiwa. Àgùntàn ló sún mọ́ wa jù: ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwúwo àgbàlagbà, mílímítà 30 lára egungun ojúgun rẹ̀ sì jẹ́ àlàfo tí ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí ń lò. Ṣùgbọ́n àgùntàn nílò irin tó lágbára, ààyè, olùtọ́jú ẹran àti owó oúnjẹ fún oṣù púpọ̀. Ẹni tí kò ní ìwọ̀nyí, kí ó má ṣe dáwọ́ lé e.

Kí o sì kọ èyí sílẹ̀, nítorí mo ti rí ibi tí ó ti ba ìwádìí jẹ́: má ṣe fún ehoro ní amoxicillin tàbí clindamycin láti ẹnu. Àwọn kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀ yóò kú, Clostridium, bakitéríà burúkú kan, yóò gba ààyè wọn, ehoro náà yóò sì fi ìgbẹ́ gbuuru kú kí egungun rẹ̀ tó ní ohun kankan láti sọ fún ọ.

Ọ̀nà Ilizarov ni mo fẹ́ kí o yọ kúrò. Ọ̀nà tí mo bọ̀wọ̀ fún jọjọ ni. Gavriil Ilizarov bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kurgan, ní Siberia, láti ọdún 1951, ajá ni ó sì fi ṣe àwọn ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1989. Ohun tó rí lára ajá wọ̀nyẹn ni gbogbo oníṣẹ́ abẹ ń tẹ̀ lé títí di òní: bí a bá rọra gé egungun ní ibi tó dá ṣáṣá, tí a kò ba awọ tó bo egungun náà jẹ́, tí a sì ń fa á ní mílímítà kan lóòjọ́, egungun tuntun yóò máa hù tẹ̀ lé e. Ìdajì mílímítà lóòjọ́ máa ń jẹ́ kí ó gan pọ̀ kí ó tó gùn tó. Mílímítà méjì sì máa ń ba iṣan àti ẹran ara jẹ́. Kí a pín mílímítà kan náà sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ sàn ju kí a fa á lẹ́ẹ̀kan lọ, ẹ̀rọ tó sì fa á ní ẹ̀ẹ̀ọgọ́ta lóòjọ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Àǹfààní rẹ̀ fún egungun tó kẹ̀ ni pé egungun alààyè ni a fi ń dí àlàfo, kì í ṣe wẹ́wẹ́ egungun tí kò ní ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùka irin àti wáyà rẹ̀ lára rádíọ́ọ̀sì ehoro, tí ènìyàn yóò máa yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, pẹ̀lú ojú wáyà tí kòkòrò mìíràn lè gbà wọlé! Ìwọ yóò kàn dá ìwádìí méjì pọ̀ mọ́ ara wọn ni.

Olùwádìí Egungun (Houston)

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, n kò sì ní fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kan kò lè ṣiṣẹ́ nínú egungun tó kẹ̀. Ìwádìí Minnesota tí Ọ̀gá mẹ́nu bà náà gan-an ló tako ìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí egungun ti kẹ̀, wọ́n gé e, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi rhBMP-2, ìyẹn BMP-2 tí a ṣe lọ́wọ́, sí i lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì fún eku náà ní oògùn apakòkòrò. Egungun wọn so. Àwọn ẹgbẹ́ kan náà ti fi irú èròjà bẹ́ẹ̀ hàn ṣáájú, ní 2002, pé egungun lè hù níbi tí kòkòrò ṣì wà. Ìjọba Amẹ́ríkà sì ti fọwọ́ sí rhBMP-2 fún egungun ojúgun tó ṣẹ́ tí ojú rẹ̀ là síta láti 2004. Kí ló dé tí a ó fi mú ehoro padà sórí tábìlì nígbà tí a lè parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?

Oníṣẹ́ Abẹ Egungun (Èkó)

Ọ̀rọ̀ yín nítumọ̀, mo sì ka ìwádìí náà. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun méjì kún un. Àkọ́kọ́, gígé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọn kò da BMP sórí òkú egungun. Nítorí náà kò tako ohun tí mo sọ, ó tì í lẹ́yìn ni. Ìkejì, kí egungun so àti kí kòkòrò tán kì í ṣe ohun kan náà. Egungun lè so, kí kòkòrò sì sùn sínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń ṣiṣẹ́ yìí pẹ́ ti rí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tún ń ṣọyún láti ara egungun tó ti kẹ̀ nígbà èwe.

Ẹ sì jẹ́ kí a wo ẹni tí a ń ṣe ìwádìí náà fún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá wa, ọ̀kadà ló gbá wọn, egungun ojúgun wọn yọ síta, wọ́n sì ti lo ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù lọ́dọ̀ oníṣègùn egungun ìbílẹ̀ tàbí nílé kí owó tó jọ. Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọdé tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí egungun wọn kú láàárín nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dí, tí bakitéríà Salmonella sì wọ inú rẹ̀. Kò sí èyí tó jọ wákàtí òdo nínú wọn. Owó BMP fún ẹsẹ̀ kan kò sí lápò wọn rárá, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì egungun wà, egungun ìbàdí aláìsàn náà sì wà lára rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Bí ọmọ Ìbàdàn bá fẹ́ ṣe ìwádìí tí yóò wúlò fún ilé ìwòsàn egungun Ìgbòbí ní Èkó àti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, kí ó dán ohun tí Ìgbòbí àti UCH lè ṣe wò.

Olùwádìí Egungun (Houston)

Mo gba ti owó. Mo sì gbà pé kí a yà síso egungun sọ́tọ̀ kúrò lára títán kòkòrò nígbà tí a bá ń ka àbájáde. Síbẹ̀, kí àbúrò wa má yọ ọ̀wọ́ ẹlẹ́ẹ̀kan kúrò. Kí ó fi egungun ìbàdí dí i ní ọjọ́ kan náà tí ó bá gé e, lẹ́yìn tí àìsàn ti fìdí múlẹ̀. Bí ọ̀wọ́ yìí bá ṣe dáadáa bíi ti Masquelet, ìròyìn ńlá ni fún aláìsàn tí kò lówó iṣẹ́ abẹ méjì.

Oníṣẹ́ Abẹ Egungun (Èkó)

Èyí tẹ́ mi lọ́rùn.

Apoògùn

Ẹ dárí jì mí pé mo dá sí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ohun tí yóò wà nínú sìmẹ́ǹtì náà. Sìmẹ́ǹtì egungun máa ń gbóná gan-an nígbà tó bá ń le, nítorí náà oògùn tí iná kò lè bà jẹ́ nìkan ni a lè pò mọ́ ọn: gentamicin, tobramycin, vancomycin. Láti ìgbà tí Buchholz ti bẹ̀rẹ̀ sí í po gentamicin mọ́ ọn ní Jámánì, ní nǹkan bí 1970, ni a ti mọ̀ pé ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni oògùn náà máa ń tú jáde púpọ̀. Lẹ́yìn náà, díẹ̀ ló ń jáde, èyí tó kù sì há sí àárín sìmẹ́ǹtì náà. Díẹ̀ yẹn kò tó pa bakitéríà, ó sì tó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ta ko oògùn. Nígbà tí oògùn bá ti tán lójú rẹ̀, sìmẹ́ǹtì náà fúnra rẹ̀ ti di ohun àjèjì tí kòkòrò lè lẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí guinea pig ti 1982 ti fi hàn.

Kálísíọ̀mù súlífètì wà, tí ara lè jẹ run láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí ó sì ń tú gbogbo oògùn inú rẹ̀ sílẹ̀. Kò gbóná, nítorí náà oògùn tó ṣeé pò mọ́ ọn pọ̀ jù. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń tètè yọ́ ju bí egungun ṣe ń hù lọ, omi sì sábà máa ń sun jáde lójú egbò fún ọjọ́ púpọ̀. Kò lè dúró gẹ́gẹ́ bíi sìmẹ́ǹtì láti mú awọ Masquelet hù bí a ṣe fẹ́ ẹ. Nítorí náà, fún ọ̀wọ́ ẹlẹ́ẹ̀kan ni mo fi ń ronú sí i: kí o pò ó mọ́ egungun ìbàdí tí o fọ́ sí wẹ́wẹ́. Iye oògùn kan náà ni kí ọ̀wọ́ méjèèjì gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oògùn ni ìwọ yóò fi wé oògùn láìmọ̀.

Olùkọ́ Iṣẹ́ Abẹ Ẹranko

Ọ̀rọ̀ fífọ̀ ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí àbúrò wa kò tíì kọ ohun tí yóò fi fọ egbò náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ pé omi tó bá fi agbára tú jáde, pẹ̀lú ọṣẹ, ló ń fọ egbò mọ́ jù. Ní 2009, Owens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ewúrẹ́ dán an wò, wọ́n lo bakitéríà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n lè máa fi ẹ̀rọ ka iye rẹ̀ lójú egbò. Lójú ẹsẹ̀, ọṣẹ àti agbára omi fọ bakitéríà kúrò dáadáa. Lẹ́yìn wákàtí 48, àwọn egbò tí a fi ọṣẹ tàbí omi alágbára fọ̀ ni bakitéríà tún padà wá sí jù. Omi iyọ̀ lásán tí a rọra dà sí i ló ṣe dáadáa jù. Ohun tí wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀ ni pé ọṣẹ àti agbára omi ti ba ẹran ara jẹ́, ẹran tó bàjẹ́ sì di ilé fún kòkòrò tó ṣẹ́kù.

Nígbà tó di 2015, ìwádìí FLOW tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lára aláìsàn 2,447 tí egungun wọn ṣẹ́ tí ojú rẹ̀ là. Agbára omi kò mú ìyàtọ̀ wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ àtúnṣe pọ̀ lára àwọn tí a fi ọṣẹ fọ̀ ju ti omi iyọ̀ lọ: ìdá 14.8 nínú ọgọ́rùn-ún sí 11.6. Ewúrẹ́ ti sọ ọ̀rọ̀ ọṣẹ fún wa ní ọdún mẹ́fà ṣáájú. Ó sọ ọ́ nítorí pé wọ́n dúró di wákàtí 48 kí wọ́n tó tún ka iye kòkòrò náà. Ká ní wọ́n dáwọ́ dúró lẹ́yìn fífọ̀ ni, ọṣẹ ni ì bá gbégbá orókè.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹranko (Ìbàdàn)

Mo ti tún àbá náà kọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi wò ó. Gbogbo ehoro ni a ó gé mílímítà 15 kúrò lára rádíọ́ọ̀sì wọn, a ó dá òkú egungun díẹ̀ padà sínú rẹ̀ pẹ̀lú Staphylococcus aureus tí a ti ka iye rẹ̀, a ó sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ehoro tí X-ray rẹ̀ kò bá fi àìsàn hàn kò ní wọ ọ̀wọ́ kankan. Lẹ́yìn náà, a ó ṣẹ́ gègé láti pín àwọn tó kù sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: èkíní, gígé àti fífọ̀ nìkan; èkejì, gígé, fífọ̀, àti egungun ìbàdí pẹ̀lú kálísíọ̀mù súlífètì àti vancomycin ní ọjọ́ kan náà; ẹ̀kẹta, gígé, fífọ̀ àti ọ̀nà Masquelet pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tó ní vancomycin, tí a ó sì padà wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí ohun tí wọ́n rí lára ehoro ní 2004. Omi iyọ̀ nìkan ni a ó fi fọ̀. Ẹni tí yóò ka X-ray kò ní mọ ọ̀wọ́ tí ehoro kọ̀ọ̀kan wà. N ó tẹ̀ lé ARRIVE, ìlànà kíkọ ìròyìn ìwádìí tí a fi ẹranko ṣe, nínú kíkọ rẹ̀. Ohun tó kù ni ìbéèrè mi kẹta: báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé kòkòrò ti tán?

Onímọ̀ Bakitéríà (London)

Àbá yìí ti dára gan-an, inú mi dùn sí i. Fún ìbéèrè kẹta, má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé X-ray, má sì ṣe fi òwú nu ojú egungun lásán kí o sọ pé o ti ṣe àyẹ̀wò. Òwú kò lè dé inú ihò tín-ín-rín tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Egungun náà fúnra rẹ̀ ni kí o gé, kí o wọ̀n ọ́n, kí o lọ̀ ọ́ kúnná nínú omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò, kí o gbìn ín sórí àwo, kí o sì kọ iye bakitéríà tó hù fún gíráàmù egungun kọ̀ọ̀kan. Mú irin tàbí sìmẹ́ǹtì tí o bá yọ náà, fi ẹ̀rọ olóhùn gíga gbọ̀n ọ́n nínú omi kí àlẹ̀mọ́ náà tú, kí o sì gbin omi ọ̀hún pẹ̀lú. Ya apá kan egungun náà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ awo-ńlá, nítorí ẹ̀rọ náà lè fi ọyún kéékèèké tí àwo kò rí hàn ọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni oògùn tó ṣì wà nínú egungun lọ́jọ́ tí a gé e. Bí vancomycin bá ṣì wà níbẹ̀, yóò pa bakitéríà lórí àwo, àbájáde rẹ yóò sì sọ pé egungun mọ́ nígbà tí kò mọ́. Nítorí náà, kí ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì kọjá lẹ́yìn tí oògùn gbogbo ara ti dáwọ́ dúró. Ní ti èyí tó wà nínú kálísíọ̀mù súlífètì, dúró títí X-ray yóò fi hàn pé ó ti yọ́ tán. Ní ti Masquelet, gba egungun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àlàfo náà ní ọjọ́ tí o bá yọ sìmẹ́ǹtì, kí o sì tún gbà á ní òpin ìwádìí. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ìgbà méjèèjì ni yóò sọ fún ọ bóyá gígé àkọ́kọ́ ló pa kòkòrò náà, àbí ńṣe ni ó fara pa mọ́ títí o fi kó egungun tuntun wọ ibẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹranko (Ìbàdàn)

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú àbá náà, Ọ̀gá. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ní ehoro tí a ó yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àti èyí tí a ó yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn gígé, kí a lè rí èyí tí àìsàn rẹ̀ padà wá. Olùdarí mi ti kà á, ó sì ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀.